Káàdì Tí Ìyá Mi Ní Kí N Ná Tán

Àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì náà wọlé ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Èbúté Mẹ́ta. Mo ń bá a ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Báǹkì ní àwọn ti rí i pé oníbàárà gidi ni mí, pé mo máa ń san owó tí mo bá fi káàdì àwìn wọn ná kí ọjọ́ tó pé, nítorí náà àwọn fẹ́ sọ gbèdéke owó tí mo lè ná lórí káàdì náà di ìlọ́po méjì. Bí mo bá gbà, kí n tẹ nọ́ńbà kan báyìí. Bí mi ò bá gbà, kí n má ṣe nǹkan kan. Mo kà á sókè, mo rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, torí èmi ò fẹ́ràn kí ẹni tí mi ò bẹ̀ níṣẹ́ máa ṣe mí lóore.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan.

"Wọ́n fi kún un fún ọ?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kún un, mà."

"O ò dẹ̀ bẹ̀ wọ́n?"

"Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni."

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní Ọlọ́run ṣeun. Inú rẹ̀ dùn ju ọjọ́ tí mo mú ìwé ẹ̀rí wá sílé láti ilé ìwé gíga lọ. Ìwé ẹ̀rí yẹn, ó kàn ní kí n rọra tọ́jú ẹ̀ kí eku má jẹ ẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ irú ìdílé tí ìyá mi ti wá lè máa rò pé owó ló ń wù ú. Kì í ṣe owó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Òṣómàáàló ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n máa ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n á sì padà wá gba owó nígbà ìkórè. Bí owó ò bá yọjú, bàbá yẹn á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Kò ní jókòó, kò ní gba omi mu, ibẹ̀ ló máa wà títí wọ́n á fi san án. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń lóṣòó sáàárín pálọ̀ láti fi hàn mí bí bàbá òun ṣe máa ń ṣe é, á fajú ro, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, èmi á sì rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run mí. Èkó ni wọ́n bí èmi sí. Èdè Ìjẹ̀ṣà tí mo gbọ́ ò ju ìkíni lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi jogún òwò náà, ó sì ta aṣọ ní Yábàá títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Àwìn ni gbogbo òwò yẹn láti òkè délẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ń kó léèsì àti àǹkárá wọ̀lú máa ń gbé ọjà fún ìyá mi, òun náà á tà á, á sì san owó wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá jọ dá. Òfin kan wà láàárín wọn tí mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀gá bá rí i pé ọwọ́ rẹ mọ́, lọ́jọ́ kan á sọ fún ọ pé ìdì aṣọ tí o máa ń kó yẹn ti kéré sí ọ, máa wá kó tó báyìí. Ọjọ́ yẹn gan-an lo gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀. O ò gbọdọ̀ ṣẹ́ ìdì kan kù. Bí o bá ní ìdajì tó ọ ná, ohun tí ò ń sọ fún un ni pé ìwọ fúnra rẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ, kí ló wá kan òun? Wàá kó o tán, wàá sáré tà á, wàá sì gbé owó padà kí ọjọ́ tó pé. Láti ìgbà náà lọ, ojú tó dáa ni wọ́n á fi máa wò ọ́ ní gbogbo ọjà.

Ìyá mi máa ń sọ ìtàn obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Wọ́n fi ìdì aṣọ kún tirẹ̀, ó sì kó ìdajì, ó ní òun ò fẹ́ kó sí gbèsè. Ọ̀gá náà kò bínú, ó kí i dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan kún un mọ́ títí obìnrin náà fi fi ọjà sílẹ̀. Bí ìyá mi bá ń sọ ìtàn yìí, á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú.

Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn sì ju ọ̀rọ̀ káàdì lọ. Ilé tí a jókòó sí ni. Ilé àtijọ́ ni, lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíríkì, òkè rẹ̀ jẹ́ pákó. Àwọn òbí mi ti háyà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi kú sínú yàrá ẹ̀yìn. Onílé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ń gbé lókè, nígbà tí àgbà sì dé sí i tán, ìyá mi ló ń po ògì fún un, tó ń bá a fọ aṣọ, tó ń jí i láàárọ̀. Lẹ́yìn tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn máa ta ilé náà. Àwọn tó fẹ́ wó o kọ́ fúláàtì ti ń fi owó ńlá lọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n nítorí ohun tí ìyá mi ṣe fún bàbá wọn, wọ́n ní bí a bá lè rí owó kan tó kéré ju ìyẹn lọ san kí Àjíǹde tó kọjá, tiwa ni.

Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá mi. Mo ti kó gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ jọ, kò sì tó. Èyí tó kù, mo ti béèrè fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ báǹkì mìíràn tó jẹ́ pé owó ilé ni wọ́n ń yáni, wọ́n sì ti gba gbogbo ìwé mi, wọ́n ní ó dà bíi pé yóò ṣeé ṣe. Ìyá mi ti sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé inú ilé yẹn ni kí wọ́n ti gbé òun jáde bí ọjọ́ bá dé. Kì í sọ ọ́ pẹ̀lú omijé. Á kàn sọ ọ́ báyìí bí ẹni tó ń sọ ibi tí wọ́n máa gbé àga sí.

"Gbà á," ó ní, ó tọ́ka sí fóònù mi. "Kí o sì ná an tán."

"Màmá, kí ni mo fẹ́ fi rà?"

Ó gbójú sókè wo àjà. Ibi tí òjò ti ń wọlé ti ní àbàwọ́n bí àwọ̀ tíì. "Páànù. Àbí bó bá di tiwa, a ò ní pààrọ̀ páànù ni? Páànù kì í dínwó, wíwọ́n ló máa ń wọ́n sí i. Rà á báyìí. Bí àjọ rẹ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, o san owó wọn kí ọjọ́ tó pé. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ yá ọ lówó ilé bá wá béèrè ẹni tí o jẹ́, ṣé o mọ ohun tí báǹkì yìí máa sọ fún wọn? Wọ́n á ní èyí, a fi kún un fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì gbé e padà fún wa láìtíì pé ọjọ́. Ta ni kò ní yá irú ẹ lówó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu. Mi ò lè sọ pé ó fi ipá mú mi. Mo jókòó níbẹ̀, mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mi ò rí ibi tó ti wọ́. Mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n ní kí n tẹ̀, kí á tó ṣa ẹ̀wà tán, wọ́n ti fèsì pé ó ti wọlé.

A jọ lọ ra páànù náà ní Múṣín. Mo ní kó dúró sílé, kò gbà. Ó ń fi oríkèé ìka gbá páànù kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹ etí sí i, ó sì bá ẹni tó ń tà á jà títí ó fi mú ohun tí òun fẹ́ jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀. Nígbà tí mo fi káàdì san owó tán, ó bi mí bóyá ó ti tán lórí ẹ̀. Mo ní ó ku díẹ̀.

"Ra ìṣó."

"Màmá, ìṣó kí ni ká fi gbogbo ẹ̀ rà?"

"Ra ìṣó, jàre. Ra ti orí òrùlé náà."

Ẹni tó ń ta páànù ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A ra ìṣó títí káàdì náà fi gbẹ, wọ́n sì bá wa kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Èbúté Mẹ́ta, a tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ayálégbé tó kù ní òkè ń rọra fi ẹ̀gbẹ́ kọjá níbẹ̀, wọ́n ń kí ìyá mi kú oríire. Ó ń dáhùn àmín bí onílé.

Nígbà tí oṣù yí, àjọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo san owó káàdì náà pátá kí ọjọ́ tó pé. Kọ́bọ̀ èlé kan ò gorí ẹ̀. Ìyá mi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó sì fọkàn sí i pé ọ̀nà ti là.

Ó kù díẹ̀ kí Àjíǹde dé tí báǹkì tó ń yáni lówó ilé pè mí pé kí n wá. Ìyá mi ní òun ń tẹ̀ lé mi. Ó wọ léèsì àwọ̀ ewé kan tó ti pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní wọn ò ní fojú di ọmọ tó mú ìyá rẹ̀ dání. Ọmọbìnrin kan ló dá wa lóhùn, ọmọlúàbí ni, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó dáadáa." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ṣàlàyé, kíákíá, bí àwọn ọmọ báǹkì ṣe máa ń sọ ọ́.

Ó ní ilé iṣẹ́ kan wà tó ń kó ìtàn gbèsè gbogbo wa jọ, tó sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí tíṣà ṣe ń fún ọmọ ilé ìwé. Bí máàkì ẹni bá ṣe pọ̀ tó ni owó tí wọ́n lè yá a ṣe máa pọ̀ tó. Ó ní nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, máàkì mi dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó náà, wọ́n ní láti tún béèrè, máàkì náà sì ti já wálẹ̀.

"Kí ló já a wálẹ̀?" mo bi í. Ohùn mi ti ń lọ sókè.

Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ó ní lọ́jọ́ tí báǹkì káàdì fi ìròyìn mi ránṣẹ́, káàdì náà kún dé ẹnu. Mo ti ná gbogbo ohun tí wọ́n fún mi. Ó ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún tirẹ̀, tó sì ná an tán lójú ẹsẹ̀, lójú àwọn tó ń ka ìròyìn yẹn, ẹni tí ọwọ́ ń pọ́n ni.

"Ṣùgbọ́n mo ti san án! Gbogbo ẹ̀! Kí ọjọ́ tó pé!"

Ó ní òun mọ̀. Ó ní ó máa hàn nínú ìròyìn tó ń bọ̀, máàkì mi á sì máa gòkè padà díẹ̀díẹ̀, bí oṣù mélòó kan bá kọjá ó lè dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìròyìn tó wà níwájú àwọn lónìí ni àwọn lè lò. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí mo ṣì ń gbọ́ létí títí dòní. Ó ní gbígbà tí mo gbà á kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ní ká ní mo gbà á ni, tí mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo ń ná ìwọ̀nba tí mo ń ná tẹ́lẹ̀, máàkì mi ì bá ti gòkè, torí wọ́n á rí i pé ohun tí wọ́n fún mi pọ̀, mo sì ń mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Ó ní owó ilé náà ì bá ti jáde.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn yé mi kíá ju bó ṣe wù mí lọ. Ẹni tó bá jẹun yó kó tó wá yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nọ́ńbà rẹ̀ á ga. Nọ́ńbà náà ò parọ́, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ẹni náà ní àìsàn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kìlọ̀ fún wọn láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí wọ́n má jẹun títí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó yíjú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Owó tí wọ́n lè yá mi kò ju nǹkan bí ìdajì ohun tí mo béèrè lọ. Ó ní kí n padà wá bí oṣù mélòó kan bá kọjá.

Ìyá mi ti jókòó ṣinṣin láti ìgbà tí a ti dé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó ń wo ẹnu ọmọbìnrin náà. Ó wá yíjú sí mi.

"Kí ló wí?"

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo kàn wo léèsì àwọ̀ ewé yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì jáde lẹ́nu mi. "Ó ní ilé náà ti gbó jù, mà. Wọn kì í yáni lówó sórí ilé onípákó."

Ọmọbìnrin báǹkì náà gbójú sílẹ̀, ó ń wo orí tábìlì. Ìyá mi wò ó, ó sì wò mí.

"Óò," ó ní. Ó dìde, ó ní kí ọmọbìnrin náà ṣeun, ó ní Ọlọ́run á fún un lọ́kọ rere. A jáde.

Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀. Inú bí mi sí báǹkì tó ní mo ṣe dáadáa tó sì fi ohun tí ó máa pa mí lára lé mi lọ́wọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Inú bí mi sí bàbá àgbà tí mi ò rí rí, tó ń lóṣòó kiri ẹnu ọ̀nà àwọn àgbẹ̀. Mo bínú sí ìyá mi náà, kí n má parọ́, mo bínú sí i gan-an, ó sì jókòó tì mí, èjìká rẹ̀ kan tèmi, ó ń wo ìta. Kí a tó dé Èbúté Mẹ́ta, ìbínú yẹn ti lọ, àánú rẹ̀ ló kù, èyí sì nira jù.

Mo pe lọ́yà àwọn ọmọ onílé. Mo bẹ̀ ẹ́ bí mi ò ṣe bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó ní àwọn tó gbé iṣẹ́ fún òun ti ṣe sùúrù tó, pé owó àwọn tó fẹ́ kọ́ fúláàtì ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n tà á.

Ọjọ́ tí a kó jáde, mo ti gbé ẹrù tó kẹ́yìn sínú ọkọ̀ nígbà tí mo padà wá pe ìyá mi. Ó ti ti ilẹ̀kùn pa. Ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà náà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ọwọ́ lé orúnkún. Mo rò pé orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún, pé kò lè nàró. Mo na ọwọ́ sí i, ó dì í mú, ó dìde.

Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Súrùlérè, nínú yàrá kékeré tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. A kó páànù náà dání. Kò síbi tí mo lè kó o sí ju ara ògiri ẹ̀yìnkùlé lọ, ìyẹn sì ń bí onílé mi nínú, ṣùgbọ́n mi ò lè tà á. Ẹnì kan fẹ́ rà á, mo ní kó máa lọ.

Ìyá mi kì í ráhùn. Ẹni tó máa ń ráhùn tẹ́lẹ̀ nítorí ata tó kéré nínú ọbẹ̀, kò ráhùn mọ́. Bí àwọn aládùúgbò mi tuntun bá bi í pé kí ló dé tó fi kúrò ní Èbúté Mẹ́ta, á ní, "Ilé yẹn ló ti gbó. Báǹkì ní ó ti gbó jù." Á sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, á fi orí tọ́ka sí mi bí ẹlẹ́rìí, èmi á sì wo ilẹ̀. Nígbà kan tí mo gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i pé wọ́n ti wó o. Iyanrìn àti òkúta ni wọ́n kó síbẹ̀. Mo délé, mi ò sọ fún un.

Oṣù mélòó kan kọjá. Máàkì mi gòkè padà gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin yẹn ṣe sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mo ń bá a ká aṣọ, fóònù mi dún. Mo kà á sínú, mo sì fẹ́ gbé e dojú dé.

"Ta ni?"

"Báǹkì ni, mà." Mi ò lè purọ́ fún un mọ́. "Wọ́n tún fẹ́ fi kún un."

Mo retí pé á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ó ká bùbá kan tán, ó gbé e lé orí èyí tó ti ká.

"Màmá, ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Kí ni kí n sọ? Kí n tún la ẹnu kí ilé mìíràn tún lọ?"

Mo ní, "Ilé yẹn, ṣèbí ó ti..."

"Dákẹ́." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ òyìnbó ni? Èmi tí mo ta aṣọ fún Íbò, tí mo tà á fún ará Gánà, tí mo tà á fún àwọn ìyàwó òyìnbó ní Yábàá? Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn wí ni mo gbọ́. Ó ní ká ní o gbà á tí o ò fọwọ́ kàn án, wọn ì bá fún ọ lówó yẹn."

"Ẹ gbọ́ ọ láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wò mí nígbà náà. "O ti bo àṣírí mi. Ṣé èmi ni kí n wá fi ọwọ́ ara mi tú u?"

Gbogbo ìgbà tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ilé ló gbó, èmi ló ń bò mọ́lẹ̀ kí irọ́ mi má bàa dójú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àgbàlagbà bí èmi. Ó ti aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́.

"Tẹ̀ ẹ́. Gbà á. Má sì fọwọ́ kàn án."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń wo ìka mi títí ìdáhùn fi wọlé.

"Ọjọ́ tí a kó jáde," ó ní, "nígbà tí mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, o rò pé orúnkún ló ń dùn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Owó ni mo fẹ́ gbà, bíi ti bàbá mi. Mo wà níbẹ̀, mo ń wá ẹni tó jẹ mí ní ilé yẹn. Mi ò rí ẹnì kankan, àfi èmi náà."

Mo dì í mú. Òjò ń rọ̀ sára páànù tó wà lẹ́yìn ilé, páànù tí a ti san gbogbo owó rẹ̀ tán.